Terry Leahy: Ọmọ Liverpool tí ó sọ èènì di ọgbọ́n ìṣòwò

Ẹni tí ó bá wọ ilé ìtajà Tesco ní ilẹ̀ Bìrìtéènì lónìí yóò rí i pé iye owó méjì ni wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjà. Iye kan wà fún ẹni tí ó ní káàdì ilé ìtajà náà. Iye kejì, tí ó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ, wà fún ẹni tí kò ní. Ó ti mọ́ àwọn tí ń rajà níbẹ̀ lára tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kì í béèrè mọ́ bí ọ̀rọ̀ káàdì yìí ti ṣe bẹ̀rẹ̀. Bí a bá sì ń wá orísun rẹ̀ lọ, ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni a ó já sí, ọmọ bíbí ìlú Liverpool, tí ó fi ọdún 32 ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, tí ó sì fi ọdún 14 nínú rẹ̀ ṣe ọ̀gá àgbà pátápátá níbẹ̀. Terry Leahy ni orúkọ rẹ̀.

Oríṣi ọ̀nà méjì ni àwọn ènìyàn ń gbà sọ ìtàn ọkùnrin yìí. Àwọn kan kì í rí àléébù kankan lára rẹ̀. Wọ́n ní òun ni ó gbọ́n jù nínú gbogbo àwọn oníṣòwò ìgbà ayé rẹ̀. Àwọn mìíràn ní ẹrù tí òun dì ni ó tú mọ́ ẹlòmíràn lórí nígbà tí òun ti kúrò lójú ọ̀nà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ó sì dà bí ẹni pé apá méjèèjì ni ó rí òtítọ́ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí ó hàn sí mi ni pé etí ni ọkùnrin yìí fi là, kì í ṣe ẹnu; ibi tí etí rẹ̀ kò sì dé ni iná ti jó o lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 1956 ni a bí i. Òun ni ìkẹta nínú ọmọkùnrin mẹ́rin. Inú ilé tí ìjọba ìbílẹ̀ kọ́ fún àwọn mẹ̀kúnnù ni wọ́n dàgbà sí. Baba rẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, ó sì tún ń tọ́ ajá tí a fi ń sáré ìje. Ìyá rẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì tí ó ti ilẹ̀ Ireland wá. Owó kò pọ̀ nínú ilé náà, ṣùgbọ́n ọmọ náà mọ̀wé. Ó yege wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn Kátólíìkì tí a ń pè ní St Edward's, láti ibẹ̀ ni ó sì ti lọ sí UMIST ní ìlú Manchester, níbi tí ó ti gba oyè nínú ìmọ̀ ìṣàkóso ní ọdún 1977. Iṣẹ́ tí ó kọ́kọ́ ṣe jẹ́ lọ́dọ̀ Co-op, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ńlá ilẹ̀ náà. Ní ọdún 1979 ni ó wọ Tesco, ní ẹ̀ka tí ń mójú tó ìpolówó àti ìwádìí ọjà.

Kí a tó máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ, ó yẹ kí òǹkàwé mọ irú ilé tí ọ̀dọ́mọkùnrin yìí wọ̀. Ní ọdún 1919, lẹ́yìn ogun àgbáyé àkọ́kọ́, Jack Cohen, ọmọ Júù kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ ológun dé, fi 30 pọ́n-ùn tí wọ́n fún un nígbà tí ó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ra oúnjẹ tí àwọn ọmọ-ogun jẹ kù, ó sì pàtẹ rẹ̀ sí ọjà ní ìhà ìlà-oòrùn London. Ní ọdún 1924, ó ra tíì lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí ń jẹ́ T. E. Stockwell, ó mú àwọn lẹ́tà mẹ́ta ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ náà, ó fi méjì ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ tirẹ̀ mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ Tesco ṣe jáde. Ọgbọ́n Cohen kò lọ́jú pọ̀: kí a kó ọjà jọ bí òkè, kí a sì tà á ní pọ́ọ́kú. Ọgbọ́n náà ràn án lọ́wọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n nígbà tí Leahy fi dé ibẹ̀, àwọn ènìyàn tí apá wọn ká a kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí àpò Tesco lọ́wọ́ wọn. Sainsbury's àti Marks & Spencer ni ilé ìtajà ọmọlúàbí. Ian MacLaurin, tí ó wá di alága, ti ń gbìyànjú láti tún orúkọ ilé náà ṣe láti ọdún 1977, nígbà tí ó fòpin sí sítáǹbù aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń fún àwọn olùrajà láti máa lẹ̀ mọ́ inú ìwé títí yóò fi tó gba ẹ̀bùn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ọrọ̀ ajé ilẹ̀ Bìrìtéènì dẹnu kọlẹ̀. Aldi láti ilẹ̀ Jámánì ti wọ ìlú ní ọdún 1990, ó ń tajà ní iye tí àwọn tí ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò lè tà á. Ìdàgbàsókè Tesco dúró. Ní ọdún 1992 ni wọ́n fi Leahy sínú ìgbìmọ̀ olùdarí, tí wọ́n sì ní kí ó wá ohun tí ń ṣe ilé náà. Ó lọ bá àwọn tí ń rajà, ó sì béèrè lọ́wọ́ wọn. Èsì tí ó mú padà kò dùn mọ́ àwọn àgbà ilé náà nínú: ó ní Tesco ti ń fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣe àfarawé Sainsbury's, kò sì sí ẹni tí yóò fi àwòrán sílẹ̀ nígbà tí ẹni tí a ya àwòrán rẹ̀ wà ní òdìkejì títì. Ó ní kí wọ́n yé wo alátakò wọn, kí wọ́n máa wo oníbàárà.

Àwọn ohun tí wọ́n wá ṣe lẹ́yìn èyí kéré lójú. Ní ọdún 1993 wọ́n gbé ọjà olówó pọ́ọ́kú jáde nínú ike funfun alámì búlúù fún ẹni tí apá rẹ̀ kò ká ti òkè. Lẹ́yìn náà wọ́n pinnu pé bí ènìyàn bá ju ẹyọ kan lọ níwájú oníbàárà lórí ìlà ìsanwó, kí wọ́n ṣí káńtà mìíràn. Ẹni tí ó bá ti tò sórí ìlà rí, pẹ̀lú ọmọ tí ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀, yóò mọ̀ pé èyí kì í ṣe ohun kékeré rárá. Láti ìgbà náà ni Tesco ti mú un ṣe àkọlé ara rẹ̀ pé ohun kékeré kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe ìrànlọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé orí káàdì náà gan-an. Ọ̀rọ̀ tí àwọn òyìnbó ń lò fún irú rẹ̀ dá lórí ìṣòótọ́, bí ẹni pé olùrajà jẹ́ ìránṣẹ́ tí ó jẹ́jẹ̀ẹ́ fún ọ̀gá rẹ̀. Níbi tí mo ti ń wá bí n ó ti pè é ní èdè wa, èènì ni ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, mi ò sì rò pé mo ṣìnà púpọ̀. Ọlọ́jà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í wọn gààrí tán kí ó má bu díẹ̀ lé e. Ìwọ̀nba tí ó bù lé e yẹn kò sọ ẹnikẹ́ni di olówó. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí olùrà mọ̀ pé wọ́n rí òun, wọ́n sì fẹ́ kí òun padà wá. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Clubcard, tí Tesco gbé jáde káàkiri ilẹ̀ Bìrìtéènì ní oṣù Kejì ọdún 1995, lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò ní ìwọ̀nba ilé ìtajà díẹ̀. Ẹni tí ó bá ná pọ́n-ùn kan yóò gba máàkì kan. Ọgọ́rùn-ún máàkì jẹ́ pọ́n-ùn kan. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún ni wọ́n ń fi ìwé ẹ̀dinwó ránṣẹ́ sí ilé oníbàárà nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́.

Ṣùgbọ́n èènì nìkan kọ́ ni ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀. Ọlọ́jà tí ó ní ogójì oníbàárà mọ gbogbo wọn lójú. Ó mọ èyí tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, èyí tí kì í jẹ ẹja, èyí tí owó oṣù rẹ̀ kì í tètè jáde. Kí ni ẹni tí oníbàárà rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá yóò ṣe? Káàdì náà ni ìdáhùn. Nígbàkígbà tí oníbàárà bá fi í hàn níbi ìsanwó, kọ̀ǹpútà yóò kọ gbogbo ohun tí ó rà sílẹ̀. Clive Humby àti aya rẹ̀, Edwina Dunn, tí wọ́n dá ilé-iṣẹ́ dunnhumby sílẹ̀ ní ọdún 1989, ni Tesco gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Kọ̀ǹpútà ìgbà náà kò lágbára tó láti gba gbogbo àkọsílẹ̀ ọ̀hún, nítorí náà ìdá kan nínú mẹ́wàá ni wọ́n ń yẹ̀ wò, ìyẹn náà sì tó. Nígbà tí tọkọtaya yìí wá síwájú ìgbìmọ̀ olùdarí láti sọ ohun tí wọ́n rí nínú ìdánwò náà, kẹ́kẹ́ pa mọ́ gbogbo wọn lẹ́nu. MacLaurin ni ó fọhùn níkẹyìn. Ó ní ohun tí ó ba òun lẹ́rù ni pé oṣù mẹ́ta péré ni wọ́n fi mọ oníbàárà òun ju bí òun ti mọ̀ wọ́n fún ọgbọ̀n ọdún lọ.

David Sainsbury, ọ̀gá ilé ìtajà tí ó ń jẹ́ orúkọ ìdílé rẹ̀, fi káàdì náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní sítáǹbù àtijọ́ ni wọ́n fi iná mànàmáná sí. Kí ọdún 1995 tó parí, Tesco ti gba ipò kìn-ín-ní lọ́wọ́ Sainsbury's. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, Sainsbury's náà gbé káàdì tirẹ̀ jáde.

Èmi kò ní fi pamọ́ pé apá kan nínú ọ̀rọ̀ yìí ń kọ mí lóminú. Ọlọ́jà tí ó mọ̀ mí, èmi náà mọ̀ ọ́n. Mo mọ ilé rẹ̀, mo sì lè bi í léèrè ohun tí ó fi ń dá mi mọ̀. Kọ̀ǹpútà mọ oníbàárà, oníbàárà kò mọ kọ̀ǹpútà. Ní ọdún 2006 àwọn ìwé ìròyìn ròyìn pé ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìtẹ́dìí ọmọ lọ́wọ́ Tesco yóò rí ìwé ẹ̀dinwó ohun èlò ọmọ gbà, yóò sì rí ti bíà pẹ̀lú, nítorí àkọsílẹ̀ fi hàn pé baba ọmọ tuntun kì í lè jáde lọ sí ilé ọtí mọ́, inú ilé ni ó ti ń mu tirẹ̀. Ènìyàn lè fi èyí rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ inú yàrá ni.

Ní ọdún 1997 ni Leahy di ọ̀gá àgbà pátápátá. Ọdún kan ṣáájú ìyẹn ni Tesco ti bẹ̀rẹ̀ sí í tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láti ilé ìtajà kan ṣoṣo ní Osterley, ní ìwọ̀-oòrùn London. Tesco kò tilẹ̀ ṣàjèjì sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1984, ní ìlú Gateshead, ìyá àgbà ẹni ọdún 72 kan, Ìyáàfin Jane Snowball, jókòó sórí àga nínú ilé wọn, wọ́n tẹ rìmóòtù tẹlifíṣàn, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí Tesco fún màjárìn, kọ̀nfíléèkì àti ẹyin. Michael Aldrich, onímọ̀ ẹ̀rọ kan, ni ó so tẹlifíṣàn pọ̀ mọ́ wáyà tẹlifóònù tí èyí fi ṣeé ṣe. Ìjọba ìlú náà ṣètò rẹ̀ fún ìrọ̀rùn àwọn arúgbó, ọjà náà sì dé ẹnu ọ̀nà ìyá. Ẹ wòye pé ó ku ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹnikẹ́ni tó máa sọ pé ọ̀dọ́ nìkan ni ìṣòwò orí ẹ̀rọ wà fún.

Ìṣòro tí ó wà nídìí títa oúnjẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ti íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Ìwé kò ń bàjẹ́, ó sì rọrùn láti fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n tòmátì ń rà, wàrà ń kan, ẹja dídì ń yọ́, ẹni tí ó bá sì paṣẹ́ ogójì oríṣi nǹkan ń fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ dé pọ̀ ní wákàtí tí ó dá. Ta ni yóò ṣà á jọ? Níbo ni yóò ti ṣà á? Ní California ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Webvan dáhùn pé ilé ìkẹ́rùsí ńláńlá tí ó kún fún ẹ̀rọ ni ó yẹ iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1999 wọ́n bá àwọn akọ́lé ṣe àdéhùn tí ó tó bílíọ̀nù kan dọ́là láti kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ káàkiri Amẹ́ríkà. Gbogbo ọlọ́gbọ́n ìgbà náà ni ó ń yìn wọ́n.

Ìdáhùn Tesco kò wuyì tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ilé ìkẹ́rùsí ti wà nílẹ̀, òun náà ni ṣọ́ọ̀bù. Bí oníbàárà bá ti kọ ohun tí ó fẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, òṣìṣẹ́ kan nínú ilé ìtajà tí ó sún mọ́ ọn jù lọ yóò mú kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù tí kọ̀ǹpútà kékeré wà lórí rẹ̀. Kọ̀ǹpútà náà yóò máa tọ́ ọ sọ́nà láti pẹpẹ dé pẹpẹ, yóò sì ṣa ọjà ilé bíi mélòó kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ akẹ́rù ni yóò gbé e dé ilé, owó iṣẹ́ sì jẹ́ pọ́n-ùn márùn-ún. Àwọn onímọ̀ fi wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ta ni ó ń sanwó fún ẹlòmíràn kí ó máa ti kẹ̀kẹ́ kiri nínú ṣọ́ọ̀bù? Ní oṣù Keje ọdún 2001 Webvan wó lulẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà, Tesco ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tí yóò máa fi ọ̀nà ti Tesco tajà fún Safeway ti ibẹ̀. Kò sì pẹ́ tí Tesco.com fi di ilé ìtajà oúnjẹ tí ó tóbi jù lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní gbogbo ayé.

Ọgbọ́n náà ní ààlà tirẹ̀ o. Nígbà tí àwọn tí ń paṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì pọ̀ sí i, kẹ̀kẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dí ọ̀nà mọ́ àwọn tí ó fi ẹsẹ̀ ara wọn wá. Ní ọdún 2006 Tesco ṣí ilé kan ní Croydon tí ó rí bíi ṣọ́ọ̀bù nínú, tí ó ní pẹpẹ àti ọ̀nà láàárín pẹpẹ, ṣùgbọ́n tí oníbàárà kankan kò lè wọ̀. Àwọn aṣàjà fún íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni ó wà fún. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó kọ́ ọ, oníbàárà ti wà tí yóò san owó rẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn àti Webvan nìyẹn.

Nínú gbogbo èyí, ọkùnrin náà kò yí ìṣe rẹ̀ padà. Ọ́fíìsì rẹ̀ ní Cheshunt kò ní ọ̀ṣọ́. Ó ṣe òfin pé ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọọdún ni gbogbo ọ̀gá tí ó wà ní oríkò ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi ṣiṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n to ọjà, kí wọ́n gba owó, kí wọ́n gbọ́ ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ. Òun náà sì ń lọ. A kì í fi ojú olójú ṣòwò kí á jèrè. Ní ọdún 2002 ọbabìnrin fi oyè dá a lọ́lá, ó di Sir Terry. Èrè Tesco kí wọ́n tó yọ owó orí, tí ó jẹ́ nǹkan bí 750 mílíọ̀nù pọ́n-ùn nígbà tí ó gorí àga, ti tó bílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ nígbà tí ó sọ̀ kalẹ̀.

Lára ta ni èrè náà ti jáde? Ìbéèrè yìí ni àwọn àgbẹ̀ àti àwọn onílé-iṣẹ́ kékeré ń béèrè. Ẹni tí ó bá ń ra ọ̀pọ̀ jù nínú irè oko ẹnìkan lè sọ iye tí yóò san, àti ọjọ́ tí yóò san án. Ẹ̀ẹ̀mejì, ní ọdún 2000 àti ní ọdún 2008, ni ìgbìmọ̀ ìjọba tí ń rí sí ìbánidíje nínú ìṣòwò jókòó lórí ọ̀rọ̀ àwọn ilé ìtajà ńlá. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, wọ́n ní oníbàárà ń jẹ àǹfààní lápapọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ilé ìtajà ń di ẹrù ewu tí ó yẹ kí wọ́n rù lé àwọn tí ń kó ọjà wá fún wọn lórí. Òfin tuntun jáde, wọ́n sì yan adájọ́ fún un ní ọdún 2013. Nígbà tí adájọ́ náà yẹ ìwé Tesco wò fún àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé ìgbà Leahy, ó kéde ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2016 pé Tesco mọ̀ọ́mọ̀ dá owó àwọn ènìyàn dúró láti fi mú ìwé ìṣirò tirẹ̀ dára lójú. Ẹni tí ó gbé adìẹ òtòṣì, ti aláròyé ló gbé.

Láti ìgbà tí ó ti di ọ̀gá ni Leahy ti ń wá ilẹ̀ mìíràn, nítorí ó mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí ilẹ̀ Bìrìtéènì kò ní gba ilé ìtajà mìíràn mọ́. Thailand ní ọdún 1998 àti Korea ní ọdún 1999 yọrí sí rere. Níbẹ̀, ó fi ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lé àwọn ọmọ onílẹ̀ lọ́wọ́. Japan kò yọrí sí ohun tí a lè máa ròyìn. Amẹ́ríkà ni ó yẹ kí a dúró lé lórí.

Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé kò wádìí. Tesco rán àwọn òṣìṣẹ́ lọ gbé inú ilé àwọn ará California, kí wọ́n wo ohun tí ó wà nínú fíríìjì wọn. Wọ́n kọ́ odindi ṣọ́ọ̀bù kan sínú ilé ìkẹ́rùsí láti dán an wò, wọ́n sì ń sọ fún ẹni tí ó bá béèrè pé eré sinimá ni àwọn fẹ́ yà níbẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2007 wọ́n ṣí àwọn ṣọ́ọ̀bù Fresh & Easy àkọ́kọ́ ní gúúsù California, wọ́n sì tàn dé Nevada àti Arizona. Láàárín ọdún kan, owó ilé wó lulẹ̀ ní àwọn ìpínlẹ̀ wọ̀nyí ju ọ̀pọ̀ ibòmíràn lọ. Àdúgbò tí wọ́n retí pé yóò kún fún ènìyàn di ahoro. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni ní Tesco. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ike wé tòmátì àti ọsàn fún àwọn ènìyàn tí ó fẹ́ràn láti fi ọwọ́ kan ohun tí wọn yóò jẹ. Wọ́n fi ẹ̀rọ tí oníbàárà yóò fúnra rẹ̀ lò sí ibi ìsanwó, kò sí akáǹtà tí yóò kí i. Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé wọn kò fún wọn ní káàdì. Ọkùnrin tí káàdì sọ di ẹni ńlá ṣí ilé ìtajà sí orílẹ̀-èdè tí ó tóbi jù tirẹ̀ lọ láìsí èènì, ọdún 2011 ni Fresh & Easy tó ní káàdì tirẹ̀, nígbà tí Leahy ti ń fẹ̀yìn tì. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2013 Tesco kéde pé àwọn ń kúrò ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì kọ bílíọ̀nù kan àti igba mílíọ̀nù pọ́n-ùn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àdánù.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2011 ni Leahy gbé iṣẹ́ lé Philip Clarke lọ́wọ́, ẹni tí òun náà jẹ́ ọmọ Liverpool. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, ọ̀gá tuntun mìíràn, Dave Lewis, tí kò tíì lò tó oṣù kan lórí àga, jáde sọ fún gbogbo ayé pé èrè tí Tesco kéde fi nǹkan bí 250 mílíọ̀nù pọ́n-ùn ju ti òtítọ́ lọ. Ní ọdún 2015 wọ́n kéde àdánù bílíọ̀nù mẹ́fà àti irinwó mílíọ̀nù pọ́n-ùn, ilé ìtajà Korea sì di títà. Ti Thailand tẹ̀lé e ní ọdún 2020.

Leahy fara hàn lórí tẹlifíṣàn BBC ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2015, ó sì di ẹ̀bi náà lé ìṣàkóso ẹni tí ó tẹ̀lé e. Kò sí ẹni tí ó fẹ̀sùn kan òun fúnra rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìṣirò náà. Síbẹ̀, mo rò pé ìdájọ́ rẹ̀ yá jù. Àwọn ṣọ́ọ̀bù gbàràmù-gbaramu tí ó jìnnà sí ìgboro, tí kò lérè mọ́ nígbà tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rajà díẹ̀díẹ̀ ní tòsí ilé tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti kọ́ tàbí ra ilẹ̀ rẹ̀ ní ìgbà tirẹ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì tí ó ṣe àgbàtọ́ rẹ̀ wà lára ohun tí ó sọ wọ́n di ẹrù.

Kò lọ sinmi. Láti òpin ọdún 2012 títí di ọdún 2018 ó ṣe alága B&M, ilé ìtajà olówó pọ́ọ́kú kan tí oríkò rẹ̀ wà ní Speke, ní Liverpool, kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Ní gbogbo ìgbà tí ó fi wà níbẹ̀, B&M kò ta oúnjẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì rárá, ó sì ń jèrè gidi. Ọjà tí èrè rẹ̀ kò tó pẹ́nsì mélòó kan kò lè ru owó ọkọ̀ tí yóò gbé e dé ilé. Ẹni tí ó dá Tesco.com dúró mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, ilé-iṣẹ́ olówó Amẹ́ríkà tí Leahy ń dámọ̀ràn fún, Clayton, Dubilier & Rice, ra Morrisons ti Bradford ní nǹkan bí bílíọ̀nù méje pọ́n-ùn. Gbàǹjo ni wọ́n fi parí rẹ̀: wọ́n dá 287 pẹ́nsì lé ìpín kọ̀ọ̀kan, àwọn tí ń bá wọn du dá 286. Leahy di alága. Gbèsè tí wọ́n fi ra ilé náà wúwo, owó èlé sì gbẹ́sẹ̀ sókè lẹ́yìn náà. Ní ọdún 2022 Aldi gba ipò kẹrin lọ́wọ́ wọn láàárín àwọn ilé ìtajà oúnjẹ ilẹ̀ Bìrìtéènì. Kí àwọn olówó tuntun tó dé ni Morrisons ti pa ètò máàkì tirẹ̀ tì. Ní ọdún 2023 wọ́n mú un padà, àwọn oníbàárà sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó máàkì wọn jọ.